Ọkọ̀ Tó Pe Ààrẹ Ní "Ìwọ"

Kí n tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣubú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ọkọ̀ náà dára. Kò tóbi, kò sì kéré jù. Ó ga nílẹ̀ díẹ̀ kí kòtò má baà máa há a, ó sì kúrú lẹ́yìn kó lè ríbi wọ̀ sí láàárín ìlú. Ẹ́ńjìnnì méjì ló wà níkùn rẹ̀: ọ̀kan ń mu epo bẹntiróòlù, èkejì ń lo iná bátìrì. Bó bá ń rọra lọ, iná ló ń gbé e, kò sì ní dún pínpín. Bó bá di pé kó sáré, èyí tó ń mu epo á jí, á gbà á lọ́wọ́ ìkejì rẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréékì, agbára tí ì bá ṣòfò á padà sínú bátìrì. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀gá wọn ni kò mọ̀, ìtàn rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ.

Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú oyè tó gùn débi pé wọ́n ní láti wá ilẹ̀kùn mìíràn tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní dá yín lóhùn pé òun ti mọ̀. Ẹ sọ fún un pé òjò ń rọ̀, ó ti mọ̀. Ẹ sọ fún un pé bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ti mọ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i ni, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ọkọ̀ wíwà nìkan ni kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó mọ̀, nítorí láti ìgbà tó ti di ènìyàn ńlá, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń jókòó sí.

Bó bá ń bọ̀ láàárọ̀, ikọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò yá. Ikọ́ oyè ni. Bó bá ti húkọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́nu géètì, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde dúró, ẹni tó ń jẹun á gbé oúnjẹ mì láìjẹ ẹ́ kúnná. Akọ̀wé àgbà, tí wọ́n sọ ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà, á sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí kò ju ẹ̀rín lọ, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ àwàdà, á ti rẹ́rìn-ín tán kí àwàdà tó parí, kó má baà di pé ẹ̀rín pẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ ìsìnkú àbúrò bàbá rẹ̀, akọ̀wé sì ti rẹ́rìn-ín dé ìdajì kó tó mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń sọ. Ó bá sọ ẹ̀rín di ẹkún lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi ìyẹn gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Mo-ti-mọ̀ ń wá láyé: ìjókòó mínísítà ètò ìrìnnà. Ìjókòó náà ṣófo. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ tuntun yìí, pé bó bá dùn mọ́ òun nínú, òun ò ní wá mínísítà lọ síbi tó jìnnà. Láti ọjọ́ náà ni Mo-ti-mọ̀ kò ti rí oorun gidi sùn mọ́. Ó ní kí ìyàwó òun bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun ní Ọlọ́lá Jù Lọ nínú ilé, kó lè mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyàwó ní òun gbọ́, ó sì béèrè bóyá Ọlọ́lá Jù Lọ lè bá òun gbé garawa omi wọlé.

Nǹkan kan wà tí ìyàwó yìí ti ń bá a wí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Mo-ti-mọ̀ kì í fi "ẹ" bá ènìyàn kankan sọ̀rọ̀. "Ìwọ" ni fún àgbà, "ìwọ" ni fún àna. Ó tiẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" níwájú àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n náà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ń wá ojú rere ló ń fi "ẹ" sẹ́nu, òun kò sì wá ojú rere ẹnikẹ́ni àfi ti Ààrẹ.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ìyàwó rẹ̀ ní, "ẹnu kì í mọ ìgbà tí àlejò dé o. Bí 'ìwọ' bá ti mọ́ ọn lára, ibi tí ẹ ò rò ló máa bọ́ sí."

Ó ní òun ti mọ̀.

Ẹ wá wo ìpàdé tí wọ́n ti fi ọkọ̀ náà hàn án. Olórí àwọn tó ṣe é jẹ́ obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Àǹtí Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún pípẹ́ ló fi bá ọkọ̀ yìí jìjàkadì. Ó ṣàlàyé fún ọ̀gá bí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Mo-ti-mọ̀ ń mi orí, ó ní òun ti mọ̀, ó wá béèrè pé nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ọ̀gá. Àǹtí Ẹnjiníà ní kò sí ọ̀gá níbẹ̀, pé bí iṣẹ́ bá ṣe wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo-ti-mọ̀ dìde, ó húkọ́, ó gbá agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ògiri iléeṣẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀gá méjì kì í wà nínú ọkọ̀ kan. Bí kò bá sí ẹni tó ga, ta ló máa rẹlẹ̀? Bí kò bá sí ẹni tó ń pàṣẹ, ta ló máa jẹ́ 'sà'? Ayé á dàrú. Taya ọ̀tún á ní òun ń lọ sọ́jà, taya òsì á ní òun ń relé."

Bẹ́ẹ̀-ni-sà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n pinnu níbẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo, nítorí pé ó ń dún, ni kó jẹ́ Ẹ́ńjìnnì Àgbà. Kí èyí tó ń lo iná jẹ́ igbákejì. Wọ́n kan àwo idẹ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lára. Wọ́n tiẹ̀ búra fún Ẹ́ńjìnnì Àgbà wọlé. Akọ̀wé ka ìbúra, mẹkáníìkì kan sì tẹ̀ ẹ́ kó dún, ìyẹn ni pé ó gbà. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tún dé. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e sí, ibi tó dára jù fún un. Nígbà tí Mo-ti-mọ̀ gbọ́ pé orí iná lòun ti jókòó sí nínú ọkọ̀ náà látàárọ̀, ó fò dìde, ó fọwọ́ kan ìdí ara rẹ̀ bóyá ó ti jó. Kò gbà kí wọ́n ṣàlàyé. Àǹtí Ẹnjiníà kò gbé bátìrì kúrò. Ó fi fóòmù tó nípọn lé e lórí, ó ní fóòmù náà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Mo-ti-mọ̀ ní òun ti mọ̀ pé irú fóòmù bẹ́ẹ̀ wà.

Ibi tí ọ̀ràn gidi ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mo-ti-mọ̀ dúró sí àgbàlá iléeṣẹ́, ó ń bú àwọn alágbàlẹ̀. Awakọ̀ tó ń dán ọkọ̀ náà wò rọra wà á bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iná ló ń gbé ọkọ̀ náà, kò dún rárá, ìgbà tí iwájú ọkọ̀ fara kan ìdí ọ̀gá ni ọ̀gá mọ̀ pé ọkọ̀ wà lẹ́yìn òun. Ó ké, ó fò, fìlà rẹ̀ lọ tirẹ̀. Inú bí i gan-an. Ó ní ọkọ̀ tí kì í dún, ọkọ̀ olè ni. Pé báwo ni mẹ̀kúnnù ṣe máa mọ̀ pé ènìyàn ńlá ń kọjá?

Àǹtí Ẹnjiníà ní òótọ́ lọ̀gá sọ, pé òfin pàápàá sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dún bó bá ń rọra lọ, nítorí afọ́jú àti ọmọdé. Wọ́n ti ṣe ohùn kan sílẹ̀ fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀gá gbọ́: ohùn jẹ́jẹ́ kan tó ń kùn.

"Ẹ̀fọn nìyí," ni Mo-ti-mọ̀ wí. "Èmi lọ̀gá iléeṣẹ́ yìí. Ohùn mi ni kí ọkọ̀ máa fi sọ̀rọ̀."

Wọ́n rò pé àwàdà ni, Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti rẹ́rìn-ín tán kó tó rí ojú ọ̀gá. Kì í ṣe àwàdà. Wọ́n gbé Mo-ti-mọ̀ wọ yàrá kékeré kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé ìpele mẹ́ta ni kó jẹ́: bí ènìyàn bá wà níwájú ọkọ̀, kí ohùn kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un; bí onítọ̀hún kò bá yà, kí ohùn lé sí i; bí kò bá tíì yà, kí ohùn fi í wọ́lẹ̀. Ó wá húkọ́ ikọ́ oyè, ó sì bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ, kúrò lọ́nà. O ò rí i pé ènìyàn ńlá ń bọ̀? Ta ló bí ọ gan-an?"

Àǹtí Ẹnjiníà rọra dá a dúró. "Sà, a ò lè mọ ẹni tó máa wà níwájú ọkọ̀. Ṣé kò ní dáa ká fi 'ẹ' sí i?"

Mo-ti-mọ̀ wò ó tàánútàánú. "Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn," ó ní, "'ìwọ' ni."

Obìnrin náà tún fẹ́ sọ nǹkan méjì fún un: pé ọkọ̀ máa ń dákẹ́ bó bá ti ń sáré, nítorí ìgbà tó bá ń rọra lọ tàbí tó bá dúró nìkan ni ohùn yẹn ń ṣiṣẹ́, àti pé bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ sítíárìn téèyàn lè fi pa ohùn náà. Ti àkọ́kọ́ wọ ọ̀gá létí. Kò tíì dé ìdajì ìkejì tí ọ̀gá fi ní òun ti mọ̀, tó sì jáde.

Ọjọ́ tí Ààrẹ ń bọ̀ pé. Wọ́n ta aṣọ bo àgbàlá, wọ́n to àga, wọ́n kun gbogbo ohun tí ọ̀dà lè dì mọ́, títí kan igi kan tó ti gbẹ. Ètò Mo-ti-mọ̀ ni pé òun fúnra òun ló máa wa ọkọ̀ náà jáde láti inú ilé iṣẹ́, òun á wà á dé iwájú Ààrẹ, òun á sọ̀ kalẹ̀, òun á ṣílẹ̀kùn fún un. Bó ṣe máa rẹ́rìn-ín bí mínísítà, ó ti fi dígí kọ́ ọ. Àǹtí Ẹnjiníà bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí awakọ̀ wà á. Ọ̀gá dáhùn pé láti ọdún wo ni òun ti ń wo ẹ̀yìn orí awakọ̀, kí ló kù tí òun ò mọ̀?

Ààrẹ dé. Obìnrin àgbà ni, orúnkún kan ń dùn ún, ó sì ń ti ọ̀pá. Ohun méjì ni kò fẹ́ràn: àtẹ̀gùn àti ọ̀rọ̀ gígùn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀gá rẹ̀ láti ìgbà tó wà nínú oyún. Ó kì í dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ ń wo ilẹ̀. Ó kì í dé ilé ìwé gíga, Ààrẹ dìde, ó ní kí wọ́n máa bá a lọ, òun ń lọ wo ọkọ̀. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sún, ó ti ń ti ọ̀pá lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́.

Nínú ilé, Mo-ti-mọ̀ ti ń tẹ bọ́tìnnì ọkọ̀ látàárọ̀. Ó ń retí kó dún kó lè mọ̀ pé ó ti jí, kò sì dún, nítorí iná ló ń lò. Ó ń tàn án, ó ń pa á láìmọ̀. Níkẹyìn ó fa gíà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréékì, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Ó jáde sínú oòrùn. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, tó fara ti ọ̀pá, ni Ààrẹ.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dún. Nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n dìde. Ọkọ̀ wá lanu: "Ìwọ, kúrò lọ́nà."

Ààrẹ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fa ìbọn yọ, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa nà án sí, wọ́n bá nà án sí ọkọ̀. Mo-ti-mọ̀ rántí pé ọkọ̀ máa ń dákẹ́ bó bá sáré. Ó wo ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ó wo Ààrẹ. Ẹ wo ibi tí ayé gbé ọmọ ènìyàn dé: bó bá rọra, ó ń bú Ààrẹ, bó bá sáré, ó pa á. Ó tẹ bíréékì, àánú rẹ̀ sì ṣe mí díẹ̀, nítorí ìpinnu tó dára jù lọ tó ṣe nínú ìtàn yìí nìyẹn.

Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n Ààrẹ kò yà. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó tètè yà, orí kunkun rẹ̀ kò sì jẹ́ kó fẹ́ yà. Ohùn lé sí i bí ọ̀gá ṣe pàṣẹ: "O ò rí i pé ènìyàn ńlá ń bọ̀?"

Mo-ti-mọ̀ yọrí lójú fèrèsé, òógùn bò ó. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kì í ṣe òun, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má dá a lóhùn. Gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan lójú fèrèsé, ó ń wí pé "ẹ jọ̀ọ́ mà", èkejì lábẹ́ ọkọ̀, ó ń bá Ààrẹ jà. Ó ń wá bọ́tìnnì kiri. Ó fi omi fọ gíláàsì, ó tan iná ẹ̀yìn, ó ṣí ibi tí wọ́n ń da epo sí. Ọkọ̀ bá dé ìpele kẹta, ó sì kígbe débi tí ẹyẹ fi fò lórí igi gbígbẹ náà: "Ta ló bí ọ gan-an?"

Ààrẹ fi ọ̀pá rẹ̀ kan iwájú ọkọ̀. Kò gbé ohùn sókè. "Olùkọ́ ló bí mi," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, ta ló kọ́ ọ?"

Àǹtí Ẹnjiníà ló sáré dé, tó nawọ́ wọlé, tó sì tẹ bọ́tìnnì. Mo-ti-mọ̀ já bọ́ láti inú ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní àwọn ẹnjiníà ló sín òun jẹ, pé ọ̀tá pọ̀ níléeṣẹ́. Ààrẹ yíjú sí obìnrin náà, ó bi í bóyá kò sẹ́ni tó rò ó láàárín wọn pé "ẹ" ló yẹ kí ọkọ̀ máa fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

"A sọ fún ọ̀gá, mà," ni Àǹtí Ẹnjiníà wí. "Wọ́n ní àwọn ti mọ̀."

Ẹ̀rín kan bú jáde kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ni. Ó ti ń fojú wá ibòmíràn tó máa gbé ẹ̀rín rẹ̀ lọ, ó sì ti rí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo àgbàlá gbà á.

Ààrẹ wọ ọkọ̀, Àǹtí Ẹnjiníà wà á yí iléeṣẹ́ náà ká. Nígbà tí wọ́n padà dé, inú àgbàlagbà náà ti dùn. Ó ní ọkọ̀ yìí ló yẹ ìlú, kí wọ́n ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n sì tú àwo idẹ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ó bi wọ́n léèrè ohùn. Wọ́n ní àwọn á dá èyí tó ń kùn padà.

"Rárá," ó ní. "Ohùn ọkùnrin yìí dára, ó dún ketekete. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ bá mi pààrọ̀."

Bí wọ́n ṣe dá Mo-ti-mọ̀ padà sínú yàrá kékeré náà nìyẹn. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó máa kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, Àǹtí Ẹnjiníà ní ó ṣì le díẹ̀, sà. Ó tún un kà, ó ṣì le. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí "ẹ jọ̀ọ́" tó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu ènìyàn. Ó tiẹ̀ béèrè pé, "Ṣé bó ṣe máa rí nìyí?", àwọn tó wà níbẹ̀ sì wo ojú ara wọn, nítorí wọn ò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹlòmíràn ló gba ìjókòó mínísítà. Mo-ti-mọ̀ fẹ̀yìn tì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wọ́n gba ọkọ̀ ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba awakọ̀. Ọkọ̀ kékeré wa kún ìgboro, ohùn rẹ̀ sì ń bẹ ewúrẹ́, ó ń bẹ aláàárù, ó ń bẹ ọmọ iléèwé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Àwọn ọmọdé sín in jẹ títí ó fi sú wọn. Ìyàwó Mo-ti-mọ̀ ṣì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nílé, ṣùgbọ́n "sà" kò sí níbẹ̀, kò sì sí ní ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀-ni-sà pàdé rẹ̀ lẹ́nu báǹkì, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, báwo ni?", kò sì dúró gbọ́ èsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ń rìn bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra búrẹ́dì. Ọ̀nà náà há. Ọkọ̀ kan yọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kedere, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ̀:

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá mi yà díẹ̀, sà, mo fẹ́ kọjá ni."

Ó dúró. Ó mọ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó mọ̀ lóòótọ́, pé bí òun bá yà, ohùn náà á dákẹ́. Awakọ̀ ń fọn fèrè, àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń bú u, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò yà. Ó fi búrẹ́dì há abíyá, ó kẹ́yìn sí wọn, ó ń gbọ́.